Ọ̀pá Ẹ̀yìn àti Agbárí: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Ìtọ́jú Tó Wà Níwájú Ará Ṣàbẹ

Kò sí àìsàn tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lágbàáyé tó ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ìṣirò tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Rheumatology lọ́dún 2023 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 619 ló ní in lọ́dún 2020, wọ́n sì retí pé iye náà yóò tó mílíọ̀nù 843 bó bá fi máa di 2050. Ní Ṣàbẹ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà Kútọ̀nú sí Pàràkú, ohun tó ń fà á kò pamọ́. Àgbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi ọkọ́ kọ ebè iṣu títí oòrùn á fi mú. Àwọn kan ń gé ìrèké, àwọn kan ń gbé àpò kaṣú sọ sínú ọkọ̀. Ẹrù ọjà wà lórí òṣùká, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá tó rù ú. Ẹni tó ń fi alùpùpù zémidjan ṣiṣẹ́ náà wà lórí gbágungbàgun ọ̀nà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí ẹ̀yìn bá wá kọ̀ tí kò gbéra mọ́, tàbí tí ọrùn gan, ọwọ́ ta ló yẹ kó kàn án, kí sì ni ọwọ́ náà lè ṣe? Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ti wà nínú ilé láti ayébáyé, àwọn kan ti Amẹ́ríkà wá ní nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn, àwọn kan sì jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Oníkálukú wọn ló ní ohun tó mọ̀ àti ohun tó sọ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Kí á tó bọ́ sórí àríyànjiyàn, ó yẹ kí á mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà ní eegun 24 tó ń yí lórí ara wọn: 7 ní ọrùn, 12 níbi tí eegun ìhà ti so mọ́ ẹ̀yìn, 5 ní ìbàdí. Lábẹ́ wọn ni eegun ìdí wà, márùn-ún tó ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, àti eegun ìrù kékeré tó kẹ́yìn rẹ̀. Láàárín eegun kan sí èkejì ni tìmùtìmù rírọ̀ tó ń gba ìwúwo ara. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn gba ihò inú rẹ̀ kọjá láti ọpọlọ, àwọn iṣan ìmọ̀lára sì ń yọ láti ara rẹ̀ lọ sí apá, àyà àti ẹsẹ̀. Agbárí àti ojú jọ ní eegun 22. Mẹ́jọ nínú wọn ló bo ọpọlọ. Ohun méjì ni gbogbo àríyànjiyàn dá lé: báwo ni àwọn eegun wọ̀nyí ṣe ń rìn tó, kí sì ni ìrìn wọn lè ṣe fún ìlera ara?

Ìmọ̀ ilé àti àwọn tó ń to eegun

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ìhà méjèèjì ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ́kọ́ ka ìrora ìbàdí sí ọ̀rọ̀ eegun. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń fura sí, wọ́n sì gbà pé ohun dídùn ló ń fà á, nítorí náà agbo jẹ̀dí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mu. Bó bá jẹ́ oríkèé ló ń ro, wọ́n á ní làkúrègbé ni tàbí aromọléegun. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ló fà á, wọ́n á fi òrí tàbí àdín wọ́ ibẹ̀, tàbí kí àgbàlagbà dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kí ó ní kí ọmọdé gun òun lẹ́yìn, kó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ òun díẹ̀díẹ̀ láti ìbàdí dé èjìká. Títẹ̀ yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ìwúwo tó ń sún lórí iṣan tó le àti oríkèé tó gan ni, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí orúkọ wọn ń bọ̀ níwájú náà sì ń lo irú ìwúwo bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn.

Ìmọ̀ àwọn tó ń to eegun jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìdílé ló sábà máa ń jogún rẹ̀. Oníwádìí ará Ìbàdàn, D. D. O. Oyebola, kọ̀wé lórí iṣẹ́ wọn láàárín Yorùbá lọ́dún 1980. Wọ́n á fọwọ́ wá ojú ibi tó ti dá, wọ́n á fà á bọ́ sípò, wọ́n á fi pákó tàbí ọparun tí wọ́n là dè é, wọ́n á máa tú u wò, wọ́n á sì máa fi òrí wọ́ ọ. Ọfọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọ́n á dè é bí wọ́n ṣe de ti aláìsàn; ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rìn ni wọ́n á mọ̀ pé ìdè èèyàn náà tó tú.

Agbára ọ̀nà yìí hàn gbangba. Ó wà nítòsí, èèyàn lè máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú mọ ìdílé aláìsàn, ó sì ń fún un ní àkókò. Àléébù rẹ̀ náà hàn. Atoeegun kò rí inú ara, bí ìdè bá sì le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá, ẹsẹ̀ tàbí apá lè kú tí wọ́n á fi gé e. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti ń ké lórí èyí tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí J. E. Onuminya tó jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé ewu náà dínkù bí atoeegun bá gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn sì já irọ́ àwọn tó ní kí ìjọba kàn fòfin dè wọ́n. Àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ ni ìmọ̀ wọn ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun ọrùn tó dá kò gbọdọ̀ gba fífà kankan, torí pé ìṣípò bíńtín lè gé mùdùnmúdùn inú rẹ̀, ẹni tó ṣì ń mi ọwọ́ kò sì ní lè mi ohunkóhun mọ́.

Ilé Palmer: chiropractic

Ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1895 ni àwọn chiropractor, ìyẹn àwọn tó ń fọwọ́ tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn láti fi tọ́jú èèyàn, ń kà sí ọjọ́ ìbí iṣẹ́ wọn. Ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, Daniel David Palmer tẹ eegun ẹ̀yìn Harvey Lillard, aláwọ̀ dúdú kan tó ń tọ́jú ilé, tí etí rẹ̀ ti di fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Palmer ní etí náà là. Láti ibẹ̀ ló ti gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀: pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò ń dí agbára tó ń gba iṣan ìmọ̀lára kọjá lọ́wọ́, pé ìdènà yìí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn, àti pé títẹ eegun náà padà ni ìwòsàn. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1897. Lọ́dún 1906 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń ṣe ìṣègùn láìgbàṣẹ.

Àwọn onímọ̀ nípa ara tètè rí ibi tí ìtàn Lillard ti wọ́: iṣan tí à ń fi gbọ́ràn kò gba ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá rárá, láti ọpọlọ ló ti lọ tààrà sí etí. Títí di òní, ìbéèrè yìí pín àwọn chiropractor fúnra wọn sí méjì. Apá kan di èrò Palmer mú ṣinṣin, wọ́n gbà pé gbogbo ara ni ọ̀pá ẹ̀yìn ń darí. Apá kejì, tó ń pọ̀ sí i, ní ìrora ẹ̀yìn, ọrùn àti orí fífọ́ kan ni iṣẹ́ àwọn, wọ́n sì ń fi eré ìdárayá àti ìmọ̀ràn kún un. Ní Britain, níbi tí òfin 1994 ti fi iṣẹ́ náà sábẹ́ àkóso, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso rẹ̀ sọ gbangba lọ́dún 2010 pé èrò eegun tó yẹ̀ tó ń fa àìsàn jẹ́ èrò ìtàn, pé kò sí ẹ̀rí ìwádìí tó fi hàn pé òun ló ń fa àrùn. Ẹnu àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń polówó pé títẹ ẹ̀yìn ń wo ìtọ̀ ṣúgà tàbí ikọ́ fée gbọ́ ọ.

Ìró tó máa ń dún pọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ oríkèé náà ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe eegun ló ń wọlé sípò. Lọ́dún 2015, àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ẹ̀rọ MRI ya oríkèé ìka bó ṣe ń dún, wọ́n sì rí i pé àlàfo afẹ́fẹ́ ló ń ṣí nínú omi oríkèé lójijì. Ara lè fúyẹ́ lẹ́yìn ìró náà, ṣùgbọ́n ìró kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan kan ti tọ́.

Kí ni ẹ̀rí wá sọ lórí ìrora ẹ̀yìn fúnra rẹ̀? Ní Britain, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní UK BEAM, tó jáde lọ́dún 2004, fi kèké pín aláìsàn 1,334. Àwọn tí wọ́n tẹ lẹ́yìn, pàápàá àwọn tó tún ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn rẹ̀, sàn díẹ̀ ju àwọn tó gba ìtọ́jú dókítà nìkan lọ. Ìyàtọ̀ náà hàn dáadáa ní oṣù mẹ́ta, ó sì ti kéré nígbà tó fi máa pé ọdún. Rubinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 47 jọ lọ́dún 2019, èèyàn tó wà nínú wọn lé ní 9,000. Wọ́n rí i pé fún ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́, títẹ ẹ̀yìn kò burú ju àwọn ìtọ́jú yòókù tí àwọn dókítà ń dámọ̀ràn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára jù wọ́n. Nínú ìmọ̀ràn tó gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi títẹ ẹ̀yìn sí ara ohun tí èèyàn lè lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀tàn lásán ni ṣàṣejù, ẹni tó bá sì ní kò sí irú rẹ̀ náà ṣàṣejù.

Eegun méjì tó wà lókè ọrùn

Nínú ilé Palmer, ẹ̀ka kan wà tí kì í fọwọ́ kan ibòmíràn ju ọrùn òkè lọ. B. J. Palmer, ọmọ olùdásílẹ̀, ló gbé e dìde ní àwọn ọdún 1930. Ó gbà pé eegun àkọ́kọ́ tó gbé agbárí dúró àti èkejì tí orí ń yí lé lórí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ara: bí wọ́n bá tọ́, ìyókù á tọ́. Lọ́dún 1966 ni àwọn kan lára àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀nà yìí dá ẹgbẹ́ NUCCA sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í yí ọrùn gbà. Wọ́n á ya X-ray, wọ́n á wọn igun rẹ̀, wọ́n á wá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọrùn jẹ́jẹ́ débi pé aláìsàn lè má mọ̀ ọ́n lára.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 ló mú kí ayé gbọ́ nípa wọn. Nínú èèyàn 50 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tí wọ́n tọ́ eegun àkọ́kọ́ fún rí i pé ìfúnpá òkè ẹ̀jẹ̀ wọn fi 17 mmHg wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni tọ́ ọ fún fi 3 wálẹ̀. Iye yẹn pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti oògùn. Àmọ́ èèyàn 50 péré ni, ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo ni, ìṣègùn kì í sì í gbé òfin lé ìwádìí kékeré kan. Láàárín Yorùbá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ́pọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ràn oògùn ojoojúmọ́, ewu tó wà nínú irú ìròyìn yìí ni pé kí ẹnì kan ju oògùn rẹ̀ nù. Kò sí ẹ̀rí kankan tó fàyè gba ìyẹn.

Agbárí: ṣé eegun rẹ̀ ń mí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé. Osteopathy ni orísun fífọwọ́ tọ́jú agbárí, iṣẹ́ tí dókítà Andrew Taylor Still dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1874, tó sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ní Kirksville lọ́dún 1892. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kan, William Garner Sutherland, wo bí etí eegun agbárí ṣe bá ara wọn mu, ó sì parí èrò sí i pé ìrìn ni a dá wọn fún. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1939: eegun agbárí ń ṣí, ó ń pa dé díẹ̀díẹ̀, omi tó yí ọpọlọ ká ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí dé eegun ìdí, ọwọ́ tó bá mọṣẹ́ sì lè gbọ́ ìlọbọ̀ yìí kó sì tún un ṣe. Láàárín àwọn chiropractor, Major Bertrand DeJarnette so ìdí àti ẹ̀yìn orí pọ̀ nínú ọ̀nà tirẹ̀. John Upledger wá mú èrò Sutherland jáde kúrò láàárín àwọn dókítà, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1985, ó sì ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́.

Omi tó yí ọpọlọ ká wà lóòótọ́, ó sì ń rìn bí ọkàn ṣe ń lù àti bí èèyàn ṣe ń mí. Títí dé ibẹ̀, kò sí ìjà. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí pé ọwọ́ lè gbọ́ ọ láti òde. Bí agbárí bá ń dún ní ìlù kan, ó yẹ kí oníṣẹ́ méjì tó fọwọ́ lé orí kan náà gbọ́ ìlù kan náà. Wọ́n ti dán an wò léraléra. Ohun tí oníṣẹ́ kan gbọ́ kì í bá ti èkejì mu, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ bá ti ara rẹ̀ mu bó bá tún padà gbọ́ ọ. Àgbéyẹ̀wò Guillaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2016 kó gbogbo rẹ̀ jọ: kò sí ẹ̀rí pé àyẹ̀wò náà ṣeé gbára lé, ẹ̀rí ìwòsàn náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Eegun agbárí àgbàlagbà ti wọ inú ara wọn bí eyín ayùn; ìwúwo ìka lásán kò lè mì ín.

Síbẹ̀, àwọn tó dùbúlẹ̀ fún ìtọ́jú yìí máa ń sọ pé ara wọn balẹ̀, orí wọn fúyẹ́, oorun wá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní òpùrọ́. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ lórí ẹni tó dákẹ́ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan ń mú ara rọ̀, ìyẹn sì lè tó fún orí fífọ́ tó ti inú àníyàn àti iṣan ọrùn wá. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n fi ìtura yẹn ṣe ẹ̀rí pé eegun ló rìn, kí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ tà á fún wárápá àti àìsàn ọpọlọ.

Orí ọmọ ọwọ́

Orí ọmọ tuntun yàtọ̀, nítorí pé eegun rẹ̀ ṣì ń rìn ní tòótọ́. Àlàfo tó wà láàárín wọn ló jẹ́ kí wọ́n gun orí ara wọn nígbà ìbí kí orí lè kọjá. Ìdí nìyí tí orí ọmọ mìíràn fi máa ń gùn tàbí tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àlàfo ẹ̀yìn máa ń dí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Àwùjẹ̀, tó wà níwájú, sábà máa ń dí láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀.

Ìwẹ̀ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ìtọ́jú orí àti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ìmọ́tótó. Ìyá àgbà á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé e. Á rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á máa fi tẹ orí jẹ́jẹ́ láti ìhà méjèèjì kó lè rí roboto. Á fa apá, á fa ẹsẹ̀, á ká wọn lé àyà, á fi òrí wọ́ ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí, á sì fi díẹ̀ ra àwùjẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò lẹ́bi: ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ìyá mọ ara ọmọ, bí oríkèé ìbàdí bá sì gan, ọwọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń sọ orí di roboto gan-an ni ọjọ́ tó ń lọ. Púpọ̀ nínú orí tó wọ́ nígbà ìbí ló ń tọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn kò tẹ̀ ẹ́.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, orí tó tẹ́ lẹ́yìn pọ̀ sí i láti àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn kí ikú ojijì má bàa pa á. Ìmọ̀ràn yẹn gba ẹ̀mí là, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí orí tó tẹ́ pa á tì. Wọ́n ṣe akoto fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìwádìí kan ní Netherlands lórí ọmọ 84, tó jáde lọ́dún 2014, fi hàn pé orí àwọn tó dé akoto kò sàn ju ti àwọn tí kò dé e lọ nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjì. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n kì í fi orí lélẹ̀ púpọ̀ lójú oorun ọ̀sán. Èyí jẹ́ àǹfààní kan tí ìyá Ṣàbẹ ní láìsan kọ́bọ̀.

Àwọn chiropractor kan ń tẹ ẹ̀yìn ọmọ ọwọ́ nítorí inú rírun àti ẹkún. Ìwádìí kan ní Norway lọ́dún 2001, lórí ọmọ 86, kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tí wọ́n tẹ̀ àti àwọn tí wọ́n kàn gbé mọ́ra. Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Ọsirélíà ní kí wọ́n dáwọ́ títẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró.

Àmì méjì wà tó ju gbogbo èyí lọ. Àwùjẹ̀ tó jìn wọnú jẹ́ àmì pé omi ti gbẹ lára ọmọ. Àwùjẹ̀ tó wú sókè tí ibà sì wà pẹ̀lú rẹ̀ lè jẹ́ yínrunyínrun. Òrí kò wo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Físiotẹ́rápì àti dókítà

Físiotẹ́rápì, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí kinésithérapie, gba ọ̀nà mìíràn. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè kọ́ni nínú rẹ̀ lọ́dún 1966. Àwọn tó ń ṣe é náà máa ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ohun tí aláìsàn yóò máa ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú: nínà, títẹ̀, fífún iṣan ikùn àti ẹ̀yìn lókun, àti kí èèyàn má torí ìrora dùbúlẹ̀ sójú kan. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ìrìn àti eré ìdárayá pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Àìlera rẹ̀ ni pé ó gba sùúrù àti ìpadàbọ̀. Ẹni tó bá ní láti wọkọ̀ lọ sí Kútọ̀nú, tó jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà sí Ṣàbẹ, kò lè lọ nígbà méjì lọ́sẹ̀.

Ní ti dókítà, agbára rẹ̀ ni pé ó rí inú ara, ó ní oògùn, ó ní abẹ. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ń ṣi èèyàn lọ́nà. Àgbéyẹ̀wò Brinjikji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2015 wo àwòrán ẹ̀yìn àwọn tí nǹkan kan kò ro rárá. Nínú àwọn ọmọ ogún ọdún, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni tìmùtìmù ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Láàárín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún ó tó 96. Nítorí náà, kí wọ́n sọ fún àgbẹ̀ pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni ìrora rẹ̀ ti wá. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè mú kó bẹ̀rù iṣẹ́ rẹ̀ títí ayé.

Lórí oògùn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ lọ́dún 2023 pé kí wọ́n má fi oògùn ìran opioid tọ́jú ẹ̀yìn tó ti ń ro tipẹ́. Tramadol, tí àwọn alágbára iṣẹ́ ń rà lọ́jà ní ìhà méjèèjì ààlà, wà lára ìran yẹn. Àmùrè ìbàdí àti fífa ẹ̀yìn náà kò rí ojú rere àjọ yìí. Ó sì fàyè gba òróró ata wẹ́wẹ́ fún fífi pa ẹ̀yìn. Ní ti iṣẹ́ abẹ, dókítà Latunde Odeku ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn lọ́dún 1962, ìmọ̀ náà sì ti tàn kálẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ó ń gba ẹ̀mí là níbi tó bá yẹ. Kì í ṣe ìtọ́jú ẹ̀yìn tó ń ro lásán.

Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìrora ẹ̀yìn kò léwu, yóò sì lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló jẹ́ ti àrùn tí ọwọ́ ń bà jẹ́. Nílẹ̀ wa, ikọ́ ife tó wọ eegun ẹ̀yìn ló yẹ kí á kọ́kọ́ bẹ̀rù. Percivall Pott ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1779, ó sì ṣì wà láàárín wa. Ìrora rẹ̀ máa ń pẹ́, ó máa ń burú lóru, òógùn àti ibà ìrọ̀lẹ́ ń bá a rìn, ara ń rù, títí eegun á fi wó tí iké á yọ. Oògùn ikọ́ ife ló ń wò ó. Ẹni tó bá tẹ irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ lè sọ aláìsàn tó ń rìn di arọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jẹjẹrẹ tó ti wọ eegun, àti ti ẹni tó já bọ́ láti orí igi tàbí alùpùpù. Ìtọ̀ tó sé tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, itan inú tó kú tipiri, ẹsẹ̀ tí kò lágbára mọ́: ẹni tó bá ní èyíkéyìí nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn agbègbè Ṣàbẹ ni kó kọ́kọ́ lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti darí rẹ̀ sí Pàràkú tàbí Kútọ̀nú bó bá yẹ.

Yíyí ọrùn gbà ní ewu tirẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ méjì gba inú eegun ọrùn kọjá lọ sí ọpọlọ. Bí ara ọ̀kan nínú wọn bá ya, àrùn rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ó ṣọ̀wọ́n. Cassidy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2008, wọ́n rí irú rọpárọsẹ̀ bẹ́ẹ̀ 818, wọ́n sì rí i pé àwọn tó lọ sọ́dọ̀ dókítà lásán ní in bíi ti àwọn tó lọ sọ́dọ̀ chiropractor. Wọ́n rò pé òpó ẹ̀jẹ̀ náà ti ń ya tẹ́lẹ̀, pé ìrora rẹ̀ ló gbé wọn lọ. Àwọn mìíràn kò gbà. Èyí ó wù kó jẹ́, ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro lójijì pẹ̀lú òòyì tàbí ọ̀rọ̀ tó ń wọ́ lẹ́nu kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yí.

Ohun tó ṣì wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹrù orí kò tíì ní ojútùú. Lọ́dún 1986, Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Kenya pé obìnrin tó mọ ẹrù rù lè ru ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lórí láìlo agbára ju ti ẹni tó rìn lọ́wọ́ òfo. Lọ́dún 1994, Jumah àti Nyame rí i ní Ghana pé eegun ọrùn tó ti jẹ wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláàárù ju àwọn tí kì í rù lọ. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Bí ẹrù ṣe lè wúwo tó kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè rẹ̀, àti ọjọ́ orí tó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù ú, ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́dún 2005 ní ẹni tó bá fẹ́ di chiropractor ní láti lo ó kéré tán wákàtí 4,200 lọ́dọ̀ olùkọ́, nínú èyí tí 1,000 yóò jẹ́ lórí aláìsàn. Ní Áfíríkà, Durban àti Johannesburg ló ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá so pátákó mọ́ ilé rẹ̀ ní ìlú tí kò sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí, ta ni yóò bi í léèrè ìwé rẹ̀? Bóyá ó sì yẹ kí ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe àwọn atoeegun láǹfààní lórí apá àti ẹsẹ̀ fi àmì ewu ẹ̀yìn kún un, kí wọ́n lè di ẹni tó ń tètè darí aláìsàn, tàbí kí wọ́n kúkú ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀yìn rárá, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà kò tíì fẹnu kò lé lórí.

Èyí tó ku ṣòro ju gbogbo wọn lọ. Àwọn tó wọ púpọ̀ nínú ìwádìí tí ìmọ̀ràn lónìí dúró lé jẹ́ ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní kí àwọn wọ̀nyẹn máa rìn, kí wọ́n máa tẹ̀, kí wọ́n máa gbé nǹkan, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Obìnrin Ṣàbẹ tó ti bẹ̀rẹ̀ gbin nǹkan láti òwúrọ̀, tó ru igi ìdáná bọ̀, tó sì tún pọ̀n ọmọ gún iyán lálẹ́, ti ṣe ju gbogbo ìyẹn lọ kí oúnjẹ tó délẹ̀. Bóyá ìsinmi ni ẹ̀yìn tirẹ̀ nílò, tàbí ọkọ́ tí igi rẹ̀ gùn sí i, tàbí irú eré ìdárayá tó yàtọ̀ sí èyí tí ìwé ń sọ, jẹ́ ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn oníwádìí Kútọ̀nú, Pàràkú àti Ìbàdàn gbé sórí tábìlì.